Orúkọ Ọlọ́rọ̀-Kan fún Ọmọbìnrin: Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ orúkọ la fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin tí à ń bí lóde òní. Ó ti di àríyànjiyàn láàrin àwọn òbí, àwọn ìyá-àgbà àti àwa tí wọ́n ń pè wá dá Ifá fún ọmọ tuntun, a kò sì lè máa wò ó níran.

Ẹ dúró lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ jélé-ó-sinmi kan ní Òkè-Àdó níbí lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ìyá bá ń wá mú ọmọ wọn. Ẹ ó gbọ́ Treasure, ẹ ó gbọ́ Precious, Favour, Testimony, Goodness, Princess. Bí ẹ bá ní sùúrù díẹ̀ sí i, ẹ ó gbọ́ àwọn tí wọ́n fi Yorùbá pe tiwọn, síbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni: Ìràwọ̀, Oyin, Ẹwà, Òdòdó, Ìmọ́lẹ̀. A kò sọ pé kò sí ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Favour o. Ó wà. Ṣùgbọ́n Treasure tó jẹ́ ọkùnrin ṣọ̀wọ́n, Princess kò tilẹ̀ ṣeé ṣe, Òdòdó tó jẹ́ ọkùnrin, a kò tíì pàdé rẹ̀. Orí àwọn ọmọbìnrin ni àṣà yìí ń já lé.

Ohun tí àwọn àgbà ń sọ sí i kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: àjèjì ni, kò bá ti ilé wa mu, kí ni wọ́n ń pè ní Testimony? Àwọn òbí ọmọ a dáhùn pé ìtumọ̀ rẹ̀ dára, ó dùn-ún pè, kò gùn, olùkọ́ kò sì ní bà á jẹ́ lẹ́nu. Àwọn kan wà láàrin wọn tí wọ́n ń bẹ̀rù orúkọ àtijọ́. Wọ́n ní òrìṣà wà nínú rẹ̀, Fá wà nínú rẹ̀, Ògún wà nínú rẹ̀, kí àwọn má lọ fi ọmọ lé ohun tí àwọn kò mọ̀ lọ́wọ́. Àwa ti fetí sí gbogbo rẹ̀, a sì rí i pé àti ẹni tó ń bínú àti ẹni tó ń gbèjà ara rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àjèjì. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ tó ṣàjèjì ni ẹ̀ṣẹ̀, àwọn baba wa ló kọ́kọ́ dá a. Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Akísàátán, tàbí Kásìmáawòó, tàbí Kòkúmọ́, kò wá orúkọ tó dùn létí. Ilé tí àbíkú ti dà láàmú ni, ọmọ ń wá, ọmọ ń lọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ wá orúkọ tí yóò ti ọmọ náà lójú tàbí tí yóò bẹ̀ ẹ́ kí ó lè dúró. Lónìí a mọ̀ pé ibà àti àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell ló wà nídìí ọ̀pọ̀ irú ikú bẹ́ẹ̀, irú orúkọ wọ̀nyí sì ti ń dín kù bí ọmọ ti ń yè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Akísàátán mọ ohun tí ojú ilé náà rí. Wọ́n ti fi gbogbo àkísà ilé sin ọmọ, kò ku òmíràn tí wọn yóò fi sin èyí. Ó burú létí, ó sì kún.

Jíjẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà kọ́ ni àléébù. Àìná, Ìgè, Dàda, Òkè, Àlàbá, Ìdòwú: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni etí ń gbọ́ níbẹ̀. Àmútọ̀runwá ni wọ́n. Àìná ni ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ọkùnrin tó bá wá bẹ́ẹ̀ a máa jẹ́ Òjó. Ìgè ló mú ẹsẹ̀ wáyé, Àlàbá ló tẹ̀lé Ìdòwú. Kò sẹ́ni tó jókòó yan Àìná nínú ìwé. Ọmọ ló mú un wá, àwọn tó wà níbi ìkúnlẹ̀ rí i, wọ́n sì jẹ́rìí sí i. Ìtàn wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà bí kò tilẹ̀ hàn lára rẹ̀.

Èyí tó ti òkè òkun wá pàápàá ti pẹ́ nílùú yìí. David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, wọ́n kọ́lé sí Kúdẹtì, orúkọ ìrìbọmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tó yá, Comfort, Patience, Grace àti Mercy di orúkọ àwọn ìyá wa. Ta ló ń pe Ìyá Comfort ní àjèjì lónìí? Ó ti di onílé. Bí àjèjì nìkan bá ni ẹjọ́ tí a ní sí Treasure, ẹ fún un ní àádọ́ta ọdún, Ìyá Treasure á máa ta gààrí ní ọjà Òkè-Àdó, kò sì ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àwa ará Òkè-Àdó gan-an kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ọlọ́rọ̀-kan. Ní 1960 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá tó wà ládùúgbò wa, wọ́n sì sọ ọ́ ní Liberty. Ní 2010 ni ìjọba yí orúkọ náà padà sí ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn awakọ̀ ṣì ń pe ibẹ̀ ní Liberty, a kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀: Ọba fẹ́ mi, awo ní ọ̀wọ̀. Odidi gbólóhùn méjì ni, awo sì jókòó sínú ọ̀kan níbẹ̀. Nínú ìwé bí irú èyí, a kò lè ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Orúkọ Yorùbá, gbólóhùn ni. Ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé Modupe Oduyoye lórí orúkọ Yorùbá, èyí tí Daystar Press tẹ̀ níhìn-ín ní Ìbàdàn ní 1972, á rí bó ṣe tú àwọn orúkọ náà palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù, kí a lè rí ohun tó wà nínú wọn. Morẹ́nikẹ́: mo rí ẹni kẹ́. Ta ni ‘mo’? Ìyá ni, tàbí bàbá, tàbí ìyá-àgbà tó ti ń retí. Rẹ̀mílẹ́kún: ẹnì kan ti ń sunkún nínú ilé náà kí ọmọ tó dé, ó sì ń bẹ̀bẹ̀. Ẹkúndayọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì fi bò. Dúródọlá ń bá ẹni tó ti fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì sọ̀rọ̀. Ẹ bi wá wàyí: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú Treasure? Kí ló ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé? Ta ni wọ́n ń bá wí? A kò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Ohun kan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé e kalẹ̀.

Ìyá kan sọ fún wa pé àwọn dúró fún ọmọ náà pẹ́, ìyẹn ni àwọn ṣe pè é ní Treasure, kí ni a tún ń bi àwọn sí? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn wá nínú. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti sọ orúkọ ọmọ náà tán lójú wa, ‘a dúró pẹ́’, kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni. Treasure kò sọ pé ẹnikẹ́ni dúró. Ọmọ tí wọ́n rí ní ìrọ̀rùn pẹ̀lú lè jẹ́ Treasure.

Ẹnì kan lè ní, Oyin ńkọ́? Ṣebí àwọn ìyá wa ń jẹ́ Oyinkánsọ́lá, Oyinlọlá, Oyindàmọ́lá? Òótọ́ ni, oyin pọ̀ nínú orúkọ wa. Nínú Oyinkánsọ́lá, oyin kán sínú ọlá: ọlá ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé, ilé ti wà, ọmọ wá fi adùn kún un. Odidi ìdílé ló wà nínú orúkọ náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé Oyin ni òun ń jẹ́, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni ‘Oyin kí ni?’ Ayọ̀ kí ni? Títí kí ni? À ń béèrè nítorí a mọ̀ pé ó kù. Àgékúrú ni Oyin tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Oyin ti ìwòyí, bí ẹ bá bi í ní kí ni, á ní Oyin náà ni.

Ẹ sì tún wo àwo ìkómọjáde. Oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, omi, obì, orógbó, ataare. A óò fi oyin kan ètè ọmọ, a óò sì wúre pé kí ayé rẹ̀ dùn. Ọmọ ló ń tọ́ oyin wò, kì í ṣe òun ni àwọn ènìyàn ń tọ́ wò. Èyí ni ohun tó ń kọ wá lóminú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Treasure, Precious, Ẹwà, Òdòdó, Ìlẹ̀kẹ̀: ohun tí a ń wò ni gbogbo wọn, ohun tí a ń tọ́jú, ohun tí ẹlòmíràn ń ní, tó sì lè gbé pamọ́. Wọ́n gbé ọmọbìnrin sípò ọjà kí ó tó mọ ojú ìyá rẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé a ń sọ àsọdùn. Ọkùnrin tó bá fúnra rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ni ó máa ń mú? Ní pápá ìṣeré Liberty yìí kan náà ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò akọni àgbáyé. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlà-oòrùn Nàìjíríà ni. Ọ̀rọ̀ kan ló mú fún ìjà, ó mú Tiger. Kò mú Òdòdó.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti gba àṣà yìí wá gan-an, ẹ wo bó ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Láàrin àwọn onígbàgbọ́ líle tí wọ́n ń pè ní Puritan, ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ orúkọ ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Praise-God Barebone, ó gbajúmọ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń pe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti 1653. Increase Mather, tó di àlùfáà ní Boston, ọkùnrin ni. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, àwọn ọkùnrin bọ́ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ló wà: Grace, Faith, Hope, Patience, Prudence. Sùúrù, ọgbọ́n inú, oore-ọ̀fẹ́, obìnrin nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Ìyókù tí wọ́n kó wá fún wa nínú ìwé ìrìbọmi, tí a rò pé àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni, àjẹkù ni.

Ní Amẹ́ríkà tòde òní, àṣà náà ti kọjá àwàdà. Ní ọdún 2000, olórin kan sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé Nevaeh ni ọmọ òun obìnrin ń jẹ́, ìyẹn ni Heaven tí wọ́n kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nígbà tó fi di 2001, orúkọ náà ti wọ inú ẹgbẹ̀rún kan orúkọ ọmọbìnrin tó wọ́pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀run wò, ẹ ó rí Nurọ. Àwa ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n a kò ní fi orí wa búra pé kò ní ṣẹlẹ̀.

Ti Iceland ló ṣe wá ní kàyéfì jù, torí ó fi ohun tí àwa ní hàn wá. Nílùú wọn, ìgbìmọ̀ ìjọba kan ló ń fọwọ́ sí orúkọ. Ìyá kan sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Blær, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí atẹ́gùn jẹ́jẹ́. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀, wọ́n ní gírámà èdè àwọn ka ọ̀rọ̀ náà mọ́ akọ, obìnrin kò lè jẹ́ ẹ. Títí ọmọ náà fi di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ‘Ọmọdébìnrin’ ni wọ́n ń kọ sí ipò orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Oṣù kìíní 2013 ni ilé-ẹjọ́ tó dá a láre. Àwa tí ‘ó’ ń ṣiṣẹ́ fún tọkùnrin tobìnrin nínú èdè wa, a kò lè ní irú ẹjọ́ yìí. Ayọ̀délé kò ní akọ, kò ní abo. Ọláníyì, Bọ́lájí, Táíwò, Fẹ́mi, Fáyẹmí, ẹ lè gbọ́ orúkọ náà kí ẹ má mọ̀ bóyá ọkùnrin ló máa wọlé tàbí obìnrin. Ọ̀fẹ́ ni ogún yìí wá bá wa, a sì ń fi ọwọ́ ara wa tà á dànù pẹ̀lú Princess.

Kí a má bàa dà bí ẹni tó ń pọ́n ara rẹ̀: kì í ṣe gbogbo orúkọ wa ni kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀. Babátúndé wà, Yétúndé wà. Òjó àti Àìná tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, Sàlàkọ́ àti Tàlàbí fún ọmọ tó wá nínú àpò. Oríkì ló sì le jù. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé oríkì ọkùnrin máa ń sọ ti akọni àti agbára, ti obìnrin sì jẹ mọ́ ìkẹ́ àti ìyìn. Ẹni tó bá gbọ́ Àjàní àti Àkànní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àdùkẹ́, á ní Johnson kò purọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kò gbà bẹ́ẹ̀ lọ bọrọgidi. Láti inú ìwé rẹ̀ ti 1997 ló ti ń jiyàn pé ìyàtọ̀ akọ àti abo kọ́ ni ìpìlẹ̀ àwùjọ Yorùbá kí òyìnbó tó dé, nínú èyí tó kọ ní 2016 ó sì yẹ ọ̀rọ̀ orúkọ wò, ó béèrè bóyá oríkì tó ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo yìí pẹ́ nílẹ̀ tó bí a ti ń rò.

Ní tiwa, a rò pé ó yẹ kí a gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ ju bí àwọn kan láàrin wa ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Síbẹ̀, ká tiẹ̀ gba ti Johnson pátápátá, Àbẹ̀kẹ́ kò dọ́gba pẹ̀lú Precious. A bẹ̀ ẹ́ kí á tó kẹ́ ẹ: ẹni tí a ń bẹ̀, ó lè kọ̀. Àjọkẹ́, a jọ kẹ́ ẹ ni: ó ní ju ẹnì kan lọ, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Gbólóhùn náà gbé ẹrù ka àwọn tó bí i lórí. Precious kò gbé ẹrù ka ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni Sẹ̀gilọlá. Sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye ni, ẹ lè ní Treasure náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò pe ọmọ ní sẹ̀gi kí ó sì dákẹ́, ó ní sẹ̀gi ni ọlá, ó ń bá ayé jiyàn lórí ohun tí ọlá jẹ́. Ẹ rántí pé orúkọ yìí ni I. B. Thomas mú fún obìnrin inú ìtàn rẹ̀ tó jáde nínú Akéde Èkó láàrin 1929 àti 1930, obìnrin tí ẹwà rẹ̀ kó bá a. Thomas mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà wà ńbẹ̀, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Ẹwà, tí akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ó ti di ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè ní ẹ̀wà, tí wọ́n á máa bi í léèrè dòdò. Òdòdó á di òdodo, ìyẹn tiẹ̀ sàn díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀, a kò fẹ́ sọ ohun tí ẹnu ọmọdé lè sọ ọ́ dà ládùúgbò tí títì Ìmàlèfàláfíà wà. Ẹwàtóọ̀mí kì í ní irú wàhálà yìí, nítorí pé ìyókù gbólóhùn ló ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kó má ṣìnà.

Wàyí o, ibo ni ọwọ́ Ifá wà nínú èyí? Ọjọ́ kẹta ni à ń ṣe ẹsẹ̀ńtáyé, tí à ń bi Ifá léèrè pé ta ni ọmọ yìí, kí ló mú wá, kí ni èèwọ̀ rẹ̀, ọ̀nà wo ló máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìsọmọlórúkọ. Láyé Johnson, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Wọ́n ní egungun ìhà méje ló wà lára obìnrin, mẹ́sàn-án lára ọkùnrin. Dókítà á ní méjìlá-méjìlá ni lápá ọ̀tún àti lápá òsì fún gbogbo wa, a kò bá a jiyàn. Lónìí ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo ayé, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lọ́dọ̀ àwọn mùsùlùmí púpọ̀, àti láàrin àwa náà. Ìyẹn kò pa wá lára. Ohun tó ń pa wá lára ni pé kí oyún tó pé oṣù mẹ́fà, skáànì ti ní obìnrin ni, wọ́n ti ra aṣọ aláwọ̀ òdòdó, wọ́n ti kọ orúkọ sára kéèkì, káàdì ìpè ti jáde. Bí a bá wá dé lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ọ̀pẹ̀lẹ̀, wọ́n á gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á gbọ́ ohun tí Ifá wí, wọ́n á sì padà sí ohun tó wà lára kéèkì. Ifá ti di àlejò níbi tí wọ́n ti pè é wá jẹ́rìí.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ Adé mọ ilé ọba, ó gbọ́ Àyàn, ó mọ ilé onílù, Ọ̀jẹ̀ ti ilé eégún, Ọdẹ ti ilé ọlọ́dẹ, Fá àti Awo àti Odù ti ilé tiwa. Princess kò sọ ilé kankan. Bí bàbá rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba lóòótọ́, Princess kò sọ ọba ìlú wo.

A ó wá bá ara wa wí díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tiwa náà kò mọ́. Gbogbo wa la mọ bí àwọn kan ṣe sọ Fábùnmi di Olúbùnmi, tí àwọn mìíràn tún sọ ọ́ di Jésùbùnmi, bí ẹni yí nọ́ńbà ọkọ̀ padà. Àwọn tó wà láyé ìṣáájú tún ti ṣe òdìkejì rẹ̀: ní 1894 ni David Brown Vincent bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ ní Èkó, tó di Mójọlá Àgbébí, oníwàásù Onítẹ̀bọmi sì ni títí tó fi kú. Ìyẹn ní ìrònú nínú. Ṣùgbọ́n àwọn kan láàrin wa báyìí, orúkọ yòówù tí ọmọ bá ń jẹ́, wọ́n á kàn lẹ Ifá mọ́ ọn níwájú bí ìgbà tí wọ́n lẹ ìwé owó mọ́ ọjà. Ifá kọ́ ló fún ọmọ náà lórúkọ, wọn kò bi í. Irú iṣẹ́ kan náà ni àwọn tó ń lẹ Jésù mọ́ ọn ń ṣe.

Èyí tó tilẹ̀ burú jù lójú wa ni ti ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ní Àpẹ̀tẹ̀bí, torí pé ó dùn-ún gbọ́, ó sì ní ‘àṣà’ nínú. Ẹ gbà wá o. Oyè ni, ìyàwó awo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ifá lè sọ nínú ẹsẹ̀ńtáyé pé ìyàwó Ifá ni ọmọbìnrin kan, ètò tirẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n kí bàbá jókòó sílé, kí ó fi orúkọ so ọmọ mọ́ ọkọ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà rẹwà, kí ló fi sàn ju Treasure lọ? Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, òótọ́. Ọmọ náà ṣì jẹ́ ohun tí ẹnì kan ní.

Àwọn ará wa ní Ọ̀yọ́túnjí, ní South Carolina, tí Ọba Adéfúnmi tẹ̀dó ní 1970, lè kọ́ wa ní nǹkan kan níhìn-ín. Walter King ni orúkọ tí wọ́n sọ Ọba náà ní Detroit. Àwọn tí oko ẹrú gba orúkọ ìdílé lọ́wọ́ wọn, wọ́n máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá Ifá láti wádìí orísun wọn, kí wọ́n mọ irú ilé tí wọ́n ti wá. Àwọn tí kò rí ilé wò mọ́ ṣì ń béèrè ilé.

Nítorí náà, a kò bá àwọn tó ní kí a kọ̀ láti sọ ọmọ lórúkọ bí òbí bá mú Treasure tàbí Ìràwọ̀ wá. Ọmọ wọn ni, òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti 1992 kò sì yan orúkọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń sọ fún àwọn awo tó bá ń ṣe ẹsẹ̀ńtáyé ní agbègbè wa ni pé kí wọ́n má ṣe jókòó gbọ́ orúkọ náà kí wọ́n sì ṣe àṣẹ lé e bí ẹni tí wọ́n ti sanwó fún. Kí wọ́n bi ìyá àti bàbá: Treasure kí ni? Ìràwọ̀ ta ni? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín nígbà tí oyún yìí dé? Kí wọ́n dúró gba ìdáhùn, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ìyá tó dúró tipẹ́tipẹ́ nì, bí ẹnì kan bá ti bi í lọ́jọ́ kẹta, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú odù tó jáde, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n sì fún ìyá ọmọ ní ẹ̀dà kan, ìyá gan-an, kì í ṣe bàbá nìkan, nítorí pé òun ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé-ẹ̀rí ìbí.